Bí A Ṣe Ń Ka Owó Tí Fíìmù Pa Kí A Tó Kó Ọmọ Lọ Sí Sinimá

Onídìrí ni mí ní Sábọ̀, Ìkòròdú, àmọ́ tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ fíìmù ni àwọn oníbàárà mi máa ń bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ irun lọ. Èmi ni mò ń gba àjọ sinimá àdúgbò wa. Láti bí oṣù kẹrin ni kálukú ti ń dá a díẹ̀díẹ̀. Tó bá di oṣù kẹjọ, a ó háyà bọ́ọ̀sì, a ó kó àwọn ọmọ àtàwọn ìyá wọn, ó di Ìkẹjà tàbí Maryland. Owó olówó ló wà lọ́wọ́ mi, n ò lè torí pé òṣèré kan rẹwà lára pátákó kí n yan fíìmù rẹ̀. Mo máa ń wo iye tí fíìmù pa, ibi tó ti pa á, àti ọ̀sẹ̀ tó pa á. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pariwo pé "fíìmù yìí ti pa bílíọ̀nù" ló mọ ohun tí bílíọ̀nù yẹn ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń sọ

Sọ́mà, ìgbà ooru tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ka owó fíìmù, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó sì ń parí ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1975 ni àṣà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí Jaws, fíìmù ẹja apànìyàn, jáde nínú oṣù kẹfà ní ilé sinimá tó ju 400 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n títí tó fi sú àwọn èèyàn. Oòrùn máa ń mú lọ́dọ̀ wọn lásìkò yẹn, inú sinimá sì tutù. Ní Ìkòròdú, òjò ló ń rọ̀, kò sẹ́ni tó ń torí ẹ̀rọ amúlétutù kúrò nílé.

Nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ wa ṣì wà nílé ìwé. Ìparí oṣù keje ni wọ́n ń gba ìsinmi, wọ́n á sì wọlé padà nínú oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka ìròyìn pé fíìmù báyìí ló pa owó jù ní sọ́mà, ẹ wo ọjọ́ tó jáde. Èyí tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún lè ti kúrò lójú pátákó kí àwọn ọmọ yín tó gba káàdì ìdánwò wọn. Láti àárín oṣù keje sí àárín oṣù kẹjọ ni èmi máa ń fojú sí.

Ti fíìmù Nàìjíríà yàtọ̀. Oṣù kejìlá ni ọjà tiwa máa ń kún. The Wedding Party jáde nínú oṣù kejìlá ọdún 2016, Omo Ghetto: The Saga ní 2020, Battle on Buka Street ní 2022, A Tribe Called Judah ní 2023, Everybody Loves Jenifa ní 2024, oṣù kejìlá ni gbogbo wọn. Fúnkẹ́ Akíndélé ló ni mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn, Ìkòròdú níbí ni wọ́n sì ti bí i lọ́dún 1977. Ẹ lè máa fojú inú wo ariwo tó máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n bá kéde owó tuntun.

Owó ta ni?

Iye tí wọ́n ń kéde kì í ṣe iye tó wọ àpò ẹni tó ṣe fíìmù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni, bí wọ́n ṣe gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Nínú rẹ̀ ni ìjọba ti ń mú VAT, ìdá 7.5 nínú 100. Ilé sinimá á mú tirẹ̀, èyí tó máa ń tó bí ìdajì. Ẹni tó ń pín fíìmù káàkiri náà á gba tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló di ti ẹni tó ṣe é, gbèsè òṣèré, ti kámẹ́rà, ti oúnjẹ àti ti ìpolówó sì ń dúró dè é nílé. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà náà, bí ìdajì ló ń padà sílé. Ìdí nìyí tí àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà fi máa ń sọ pé fíìmù ńlá gbọ́dọ̀ pa tó ìlọ́po méjì tàbí méjì ààbọ̀ iye tí wọ́n ná lé e lórí kó tó lè jèrè.

Ẹ wo The Flash tó jáde nínú oṣù kẹfà ọdún 2023. Wọ́n ná tó $200 mílíọ̀nù lé e lórí, ìpolówó kò sí níbẹ̀. Káàkiri àgbáyé, ó pa bíi $271 mílíọ̀nù. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò náà á ní wọ́n jèrè $70 mílíọ̀nù. Òfò ni, òfò tó le gan-an.

Ẹ ka orí, ẹ má ka owó nìkan

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn jù. Náírà ọdún yìí kọ́ ni náírà ìjẹta. The Wedding Party pa nǹkan bíi ₦453 mílíọ̀nù nígbà tí dọ́là kan jẹ́ ₦305 ní báńkì. Ẹ pín in: ó tó $1.5 mílíọ̀nù. A Tribe Called Judah ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá wa, ó sún mọ́ ₦1.4 bílíọ̀nù. Àmọ́ nígbà yẹn dọ́là ti di bíi ₦900 ní báńkì. Ẹ pín in: ó tún jẹ́ bíi $1.5 mílíọ̀nù. Everybody Loves Jenifa pa bíi ₦1.88 bílíọ̀nù, dọ́là sì ti kọjá ₦1,500. Kò ju bíi $1.2 mílíọ̀nù lọ.

Ọjọ́ tí mo sọ èyí, ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútẹ́ wà lábẹ́ ọwọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa orí rẹ̀ yọ pẹ̀lú ìdí irun lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí onídìrí, ẹ ń sọ pé ọmọ wa ò ṣe nǹkan kan?"

"Èmi kọ́ o, màmá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Páálí ẹja tí ẹ̀ ń rà lọ́dún 2016, ṣé iye yẹn náà lẹ rà á lọ́dún 2024?"

"Ẹ má dá mi lágara láàárọ̀ yìí."

"Tó bá jẹ́ pé owó tí ẹ ń kà lálẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́ta, ṣé páálí ẹja tí ẹ̀ ń tà ti di ìlọ́po mẹ́ta?"

Ó pòṣé, ó ní kí n máa dìrí mi lọ.

Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́: lójú tèmi, iṣẹ́ tí Fúnkẹ́ ṣe ju ohun tí náírà fi hàn lọ. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó ₦200 fò sókè kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń lọ sí ₦1,000 ní ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó lè mú kí èèyàn wọ ọkọ̀ lọ wo fíìmù nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé orí èèyàn tó wà nínú àga ló yẹ kí ẹ wá.

Bí ẹ ṣe máa wá a kò le. Ẹ mú iye tí wọ́n kéde, ẹ fi iye tíkẹ́ẹ̀tì lásìkò náà pín in. Tí fíìmù kan bá pa ₦300 mílíọ̀nù nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦5,000, èèyàn 60,000 ló wò ó. Tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bá pa ₦200 mílíọ̀nù nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦2,000, èèyàn 100,000 ni. Èkejì ni ìlú tú jáde láti wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn ń yìn. Kì í bá iye gidi mu délẹ̀délẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì àárín ọ̀sẹ̀ àti ti òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe iye kan náà, ṣùgbọ́n ó tó fún ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Bó ṣe rí lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Lọ́dún 2019, ilé sinimá Amẹ́ríkà pa ju $11 bílíọ̀nù lọ. Kòrónà tì wọ́n pa nínú oṣù kẹta ọdún 2020. Lọ́dún 2023, owó wọn padà dé bíi $9 bílíọ̀nù, èyí tó wọlé ní sọ́mà nìkan sì lé díẹ̀ ní $4 bílíọ̀nù. Sọ́mà 2025 kò tó bẹ́ẹ̀, bíi $3.7 bílíọ̀nù ni. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì ti wọ́n ju ti 2019 lọ, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn tó dín kù pọ̀ ju bí owó ṣe dín kù lọ. Ẹni tó bá ní sinimá ti gbádùn padà pátápátá, owó ló kà, kò ka orí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹlẹ́rìí

Ọjọ́ Ẹtì ni fíìmù tuntun ń wọlé. Owó tó bá pa láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ìpolówó ló mú un wá. Ti òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnu àwọn tó ti wò ó ló mú un wá. Èyí tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Tí ó bá já sí ìdajì, kò burú, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí ìdá 60 tàbí 70 nínú 100 bá lọ, ẹ sá. Tí kò bá tó ìdá 40 tó lọ, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ọjọ́ kan náà ni The Flash àti Elemental jáde ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2023. The Flash mú $55 mílíọ̀nù ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Elemental, fíìmù àwòrán ọmọdé láti ọ̀dọ̀ Pixar, mú $29.6 mílíọ̀nù, ẹnu sì kún un pé Pixar ti tán. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ó lé ní ìdá 70 nínú 100 tó lọ lára owó The Flash. Elemental rọra ń rìn tirẹ̀, ìyá ń sọ fún ìyá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, The Flash pa bíi $108 mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà, Elemental pa bíi $154 mílíọ̀nù. Káàkiri àgbáyé, ti Elemental sún mọ́ $496 mílíọ̀nù. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yan fíìmù fún àwọn ọmọ lọ́dún yẹn, ìbínú ló gbé wálé. Lọ́dún tó ṣáájú, Top Gun: Maverick mú $126.7 mílíọ̀nù ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú $90 mílíọ̀nù ní èkejì. Ìdá 29 péré ló lọ. Fíìmù tí àwọn bàbá náà lọ wò nìyẹn, àwọn tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ sinimá.

Tí ẹ kò bá rí iye owó Nàìjíríà ti ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù, kò sì ná yín ju dátà díẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ojú ewé sinimá tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ń fi fíìmù náà hàn lóòjọ́. Èmi máa ń yà á sórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́: 11:10, 1:40, 4:15, 6:50, 9:20. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tún máa ń ṣí i, òòyà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Tí mo bá rí i pé ó ku 11:10 àti 9:20 nìkan, mo mọ̀ pé àga ti ń ṣófo, wọ́n sì ti kó àkókò rere fún fíìmù mìíràn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wa máa ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ àkókò yìí, wọ́n á ní wọn ò fún fíìmù àwọn láyè kó tó kú. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Bó bá ṣe wù kó rí, aago 9:20 alẹ́ kì í ṣe àkókò ọmọ Ìkòròdú.

Ìgbà wo ló máa dé ilé?

Kí kòrónà tó dé, fíìmù ńlá máa ń lo bí oṣù mẹ́ta ní sinimá kó tó dé ilé. Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ fíìmù Warner Bros kó gbogbo fíìmù ọdún yẹn sórí HBO Max, ibi tí èèyàn ti ń sanwó wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nílé, ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n dé sinimá. Wọ́n ti padà lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ oṣù mẹ́ta kò padà wá mọ́. Bíi ọjọ́ 45 ló wọ́pọ̀ báyìí, àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń gbé e lọ tààrà sórí YouTube.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ máa rí níbẹ̀ tí ẹ kò ní rí lórí fóònù. Fíìmù tí ariwo, ìró àti àwòrán ńlá bá kún inú rẹ̀, ẹ lọ. Fíìmù ẹ̀rín náà, ẹ lọ, ẹ̀rín nínú yàrá tó kún fún èèyàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀rín àdárín. Fíìmù tí tọkọtaya ń bára wọn jà nínú pálọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ dúró dè é nílé. Ìdí tí Barbie àti Oppenheimer fi gbayé ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2023 nìyẹn: àwọn èèyàn sọ ọ́ di òde, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ òdòdó lọ wo Barbie, ó sì pa bíi $1.44 bílíọ̀nù. Àwa tí a ń rán aṣọ ẹbí fún ìkómọ, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa nìyẹn. Ẹ wo gígùn fíìmù náà o: Oppenheimer gba wákàtí mẹ́ta gbáko. Ẹ fi ọ̀nà Mile 12 kún un.

Àwọn ọmọ Ikorodu Bois tí wọ́n ń fi ohun èlò inú ilé ṣe ẹ̀dà fíìmù ńlá, tí Netflix tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020, orí fóònù ni ayé ti mọ̀ wọ́n. Èyí ni mo máa ń rántí tí wọ́n bá bi mí pé ṣé sinimá á kú. Ó ti kú rí. Lọ́dún 1979, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde, èrò ń wọ́ lọ wò ó. Kò pẹ́ tí náírà fi já wálẹ̀, òru kò tura mọ́, fídíò wọlé, ilé sinimá àtijọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ibi ìkó-ọjà-sí. Ó di 2004 kí Silverbird tó ṣí tiwọn ní Victoria Island, tí ọjà tún fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá máa pẹ́ níbẹ̀ ni èyí tó bá sún mọ́ ibi tí èèyàn ń gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí kékeré ní Ìkòròdú, ẹ ṣe ìṣirò àga kí ẹ tó ṣe ti ohun mìíràn. Ká ní àga 80, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, ìyẹn 320. Tó bá jẹ́ pé 50 ló kún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀, ní ₦4,000, ₦200,000 nìyẹn. Ẹ yọ ìdajì fún àwọn tó ni fíìmù, ó ku ₦100,000 fún dísẹ̀lì, òṣìṣẹ́ àti owó ilé. Gúgúrú nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í bá yín pín. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NFVCB, àjọ tí òfin ọdún 1993 fún ní agbára láti yẹ fíìmù wò.

Ọjọ́ ìlọ

Ẹ wo àmì ọjọ́ orí tó wà lára fíìmù náà, 12, 15 tàbí 18, kí ẹ tó gba owó ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, torí ọ̀pọ̀ sinimá ló ń dín owó kù nígbà yẹn. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ sọ iye tí ẹ máa jẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n á yọ fún èrò púpọ̀ àti bóyá gúgúrú máa wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sábà sọ ọ́ tí ẹ ò bá béèrè. Ẹ mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 11 àárọ̀ tàbí ọ̀sán, kí ẹ kúrò ní Sábọ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ẹ lè ti kọjá Mile 12 padà wálé nígbà tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà. Ẹ bọ́ àwọn ọmọ yó kí ẹ tó gbéra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ra mììtì páì ní iye ìkòkò ìrẹsì.

Ìdajì owó ni kí ẹ fún awakọ̀ tí ẹ bá ń lọ. Ìyókù, ó di ìgbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ̀ kalẹ̀ ní Sábọ̀.